Òòrùn oṣù Kẹta ti yọ ní Lọ́ńdọ́nù: ṣé ká pa hítà ni àbí ká fi í sílẹ̀?

ÌyáTáyọ̀_Plumstead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ́nù. Ọ̀rọ̀ kan ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá la dé láti Ìbàdàn, ìgbà ìrúwé àkọ́kọ́ wa rèé. Láti ìjẹta ni òòrùn ti ń yọ dáadáa. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ti hù sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ aládùúgbò sì ti ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí bàbá Táyọ̀ ṣe rí òòrùn yẹn báyìí ló lọ pa hítà. Ó ní ìgbà òtútù ti tán, ó ní owó gáàsì tí a san láti oṣù Kejìlá ti ga jù fún wa. Òótọ́ ló sọ nípa owó yẹn.

Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, yàrá á tutù wọ egungun. Gíláàsì fèrèsé ń làágùn ní gbogbo òwúrọ̀, mo sì ti rí dúdú dúdú tó ń hù ní kọ̀rọ̀ ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Mo pe onílé, ó ní kí n máa ṣí fèrèsé. Bí mo bá ṣí i, òtútù á wọlé bá àwọn ọmọ. Bí mo bá tì í, ògiri á máa bu. Èwo ni kí n ṣe?

Àbúrò Táyọ̀, ọmọ ọdún 4, sì ń fi ọwọ́ ra ojú, ó ń sín láràárọ̀. Kò ní ibà. Ṣé òtútù ilé ló fà á ni àbí nǹkan mìíràn? Àti pé ṣé a lè kó àwọn kóòtù ńlá wọ̀nyí pamọ́ báyìí? Wọ́n ti gba gbogbo àyè.

Akin_AbbeyWood

Ẹ má tíì kó kóòtù kankan pamọ́ o! Òòrùn oṣù Kẹta níbí, ojú lásán ni, kò ní ooru nínú. Ẹni tó bá wà níbí ní 2018 á rántí: ìparí oṣù Kejì wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni òjò dídì bolẹ̀, èyí tí àwọn oníròyìn pè ní Beast from the East. Ọkọ̀ ojú irin dúró, ilé ẹ̀kọ́ tì. Kódà nínú oṣù Kẹrin, òjò dídì máa ń bọ́ nígbà mìíràn. Ẹ kó àwọn tó ṣẹ́kù pamọ́ bí àyè bá há, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan títí oṣù Kẹrin á fi parí.

BàbáÌbejì_Woolwich

Ti bàbá Táyọ̀ ni mo gbà o. Nílé tèmi, bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, hítà ti di pípa nìyẹn. Omi ìwẹ̀ nìkan ni bọ́ìlà ń gbé gbóná. Kí kálukú wọ súwẹ́tà, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìdílé ọlọ́mọ méjì kò gbọ́dọ̀ máa fi owó oúnjẹ sun gáàsì. Wọ́n sì máa yí gbèdéke owó gáàsì àti iná padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ẹ jẹ́ kó bá yín níbi tí ẹ ti pa á.

Àwọn tó ń fi hítà sílẹ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ láàárọ̀ dalẹ́ pé ó dín owó kù, irọ́ ni o. Ògiri tèmi kò bu rí.

Olú_Bọ́ìlà

Iṣẹ́ bọ́ìlà ni mo ń ṣe, mo sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ béèrè ohun kan: irú ilé wo lẹ ń gbé? Bó bá jẹ́ àwọn ilé tuntun etí odò ní Woolwich ni, ògiri wọn nípọn, fèrèsé wọn jẹ́ onígíláàsì méjì, ilé aládùúgbò sì wà lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, tó ń bá yín gbé ilé gbóná. Ilé àtijọ́ ló pọ̀ ní Plumstead. Ẹ ò lè fi ti yín wọn tiwọn.

Ìyá Táyọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Atẹ́gùn tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń gbé omi púpọ̀ dání: omi èémí wa, omi ìwẹ̀, ooru ìkòkò, omi ara aṣọ tútù. Lálẹ́, bí ògiri bá tutù, omi yẹn á fi atẹ́gùn sílẹ̀, á bà sára ibi tó tutù jù. Gíláàsì ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kọ̀rọ̀ tí kọ́bọ́ọ̀dù bò, torí atẹ́gùn kì í dé ibẹ̀. Nínú oṣù Kẹta, ọ̀sán lè tó dígírì 13 Celsius, kí òru sì já sí 3 tàbí 4. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rí ògiri bíbu nínú oṣù yìí ju bí mo ṣe ń rí i ní oṣù Kìíní tí gbogbo ènìyàn ń tan hítà lọ. Òòrùn ọ̀sán ló ń mú kí wọ́n pa á pátápátá kí àsìkò tó tó.

Ẹ̀gbọ́n jàre lórí ohun kan: kí hítà wà wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò dín owó kù nínú ọ̀pọ̀ ilé, torí ilé ń tú ooru dànù ní gbogbo wákàtí tó bá fi gbóná. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n tò ó sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́: díẹ̀ kí wọ́n tó jí, àti láti ìrọ̀lẹ́ títí di àsìkò tí ọmọ bá sùn. Kí thermostat, ohun tó ń díwọ̀n ooru ilé, wà ní dígírì 18 sí 20. Ẹ má ṣe yí i sí 25 pé kí ilé lè tètè gbóná. Kì í yára gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò kàn ní tètè dúró ni.

Ẹ wo bọ́ìlà fúnra rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbé omi gbóná lójú ẹsẹ̀, tí kò ní táńkì omi gbígbóná, ẹ lè dín ooru omi tó ń lọ sí hítà ara ògiri kù sí 60. Ọ̀pọ̀ la máa ń bá ní 75 tàbí 80, owó lásán ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ilé yín bá ní táńkì omi gbígbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án láìbéèrè, torí omi inú táńkì gbọ́dọ̀ gbóná tó 60 kí kòkòrò àrùn má baà gbé inú rẹ̀.

Ní ti gbèdéke tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ: kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ máa san ni Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso owó gáàsì àti iná, fi gbèdéke sí. Iye owó ẹyọ gáàsì tàbí iná kan ni, pẹ̀lú owó ojoojúmọ́ tí à ń san yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yí i padà. Ẹ ka mítà yín ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, kí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní gáàsì, kí wọ́n má baà fi owó tuntun ṣírò ohun tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀. Bí mítà bá jẹ́ smart meter tó ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ á fi ránṣẹ́.

Ṣadé_Edmonton

Ìyá Táyọ̀, ẹ gbọ́ ti onílé yín o. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kalẹ̀ láàárọ̀ títí ẹ ó fi dé láti ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe nílé wa, ògiri gbẹ.

Mercy_Barking

Kí ló dé tí gbogbo yín ń dá ìyá ọlọ́mọ lóhùn bí ẹni pé ẹ̀bi rẹ̀ ni? Òfin tuntun ti wà o! Onílé gbọ́dọ̀ wá láàárín wákàtí 24 bí ògiri bá ti ń bu. Ẹ sọ orúkọ òfin yẹn sí i létí, ẹ ó rí i bí á ṣe sáré.

Kúnlé_Ọ̀rọ̀Ilé

Ibi tí a ti ń gba àwọn ayálégbé nímọ̀ràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Arábìnrin Mercy, ẹ ṣé tí ẹ gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò tíì bo ilé rẹ̀. Awaab's Law lẹ ń sọ. Wọ́n fi orúkọ Awaab Ishak sọ ọ́, ọmọ ọdún 2 tó kú ní Rochdale ní oṣù Kejìlá 2020 nítorí ògiri bíbu inú ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England, ilé council (ìjọba ìbílẹ̀) àti ilé àwọn housing association (ẹgbẹ́ tó ń fi ilé háyà fún mẹ̀kúnnù) ló sì wà fún báyìí. Onílé tiwọn, aládàáni ni. Wákàtí 24 náà, ọ̀ràn pàjáwìrì nìkan ni. Ọ̀rinrin àti ògiri bíbu tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti fi wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìyá Táyọ̀ bá fi òfin tí kò kàn án dẹ́rù ba onílé, onílé á rí ohun tó máa fi dá a lóhùn, ẹjọ́ tó dára á sì bàjẹ́.

Èyí kò dá onílé láre o. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta 2019: ilé tí a bá fi háyà gbọ́dọ̀ yẹ fún ọmọ ènìyàn láti gbé, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ọ̀rinrin wà lára ohun tó dárúkọ, bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé tó ń jáde náà wà níbẹ̀. Ìyẹn bo ilé aládàáni.

Ìyá Táyọ̀, ẹ má bá onílé sọ ọ́ lórí fóònù mọ́. Ẹ kọ ímeèlì. Ẹ ya fọ́tò ògiri, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i, ẹ sọ pé ọmọdé méjì ló ń sùn níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó wá wò ó. Bí kò bá dáhùn, council Greenwich ní ẹ̀ka tó ń yẹ ilé wò, wọ́n sì lè pàṣẹ fún un. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ àwọn ará wa pé onílé á lé wọn tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2026, onílé aládàáni ní England kò lè lé ayálégbé láìsọ ìdí tí òfin gbà mọ́.

Arábìnrin Ṣadé, fèrèsé tó ṣí kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nínú oṣù Kẹta á mú ògiri tutù tàì, tí ẹ bá sì tì í lálẹ́, ibi tó tutù yẹn ni omi á bà sí. Bóyá fèrèsé yín kọjú sí òòrùn ni. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó, kí ẹ ṣí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn papọ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, lẹ́yìn tí ẹ bá jí àti lẹ́yìn tí ẹ bá dáná. Omi ara gíláàsì, ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ sì fún aṣọ náà sínú síǹkì. Ẹ má gbé e sórí hítà pé kí ó gbẹ.

Ìyá Táyọ̀, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta sí i: níbo lẹ ń sá aṣọ sí? Ṣé fáànù wà nílé ìwẹ̀, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ṣé ara ògiri ìta ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fara tì?

ÌyáTáyọ̀_Plumstead

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. A kò ní ẹ̀yìnkùlé, òkè kejì la wà, nítorí náà orí hítà ni mo ń sá aṣọ àwọn ọmọ sí. Láti ìgbà tí a ti pa hítà, orí ìjókòó ni mo ń tẹ́ ẹ sí. Fáànù wà nílé ìwẹ̀, kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti wọlé, onílé mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ara ògiri ìta ni kọ́bọ́ọ̀dù fara tì. Mo sì máa ń se ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń pẹ́ lórí iná.

Kúnlé_Ọ̀rọ̀Ilé

Fáànù tó ti kú láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé! Ìyẹn gan-an ni kó ṣíwájú nínú ímeèlì yín. Onílé tó ní kí ẹ máa ṣí fèrèsé, tó sì mọ̀ pé fáànù ilé ìwẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kò rí ọ̀nà sá níbẹ̀. Inú máa ń bí mi sí èyí, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn: wọ́n á ní oúnjẹ wa ni, wọ́n á ní a pọ̀ jù nínú yàrá.

Olú_Bọ́ìlà

Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ mú bébà ìnùdí ẹyọ kan, ẹ fi kan ojú fáànù nígbà tó bá ń yí. Bó bá gbá a mọ́ra, ó ń fa atẹ́gùn. Bó bá jábọ́, ariwo lásán ló ń pa. Ẹ jẹ́ kó máa yí fún bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wà ní títì.

Ẹ̀wà kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́ o. Ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹ ṣí fèrèsé ibẹ̀ díẹ̀. Ìkòkò tí a fi ọmọrí dé ń tètè jinná, gáàsì rẹ̀ sì kéré. Aṣọ nìkan ló le. Gbogbo omi tó wà lára rẹ̀, inú ilé yín ló ń lọ. Ẹ sá a sí yàrá kan ṣoṣo, kí ilẹ̀kùn yàrá náà wà ní títì, kí fèrèsé rẹ̀ là díẹ̀. Bí fáànù bá ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwẹ̀ ló dára jù.

Ṣadé_Edmonton

Ẹ gbé ọ̀pá ìsáṣọ síta níwájú ilé bí òòrùn bá yọ! Afẹ́fẹ́ oṣù Kẹta ń gbẹ aṣọ ju òòrùn lọ. Kúnlé, lóòótọ́ ni fèrèsé wa kọjú sí òòrùn, mi ò rò ó dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Lewisham

Ẹ dúró díẹ̀ lórí aṣọ síta yẹn, ó kan ọmọ tó ń ra ojú. Ojú tó ń yún, imú tó ń ṣomi, sísín láràárọ̀ láìsí ibà, lásìkò yìí nínú ọdún, eruku òdòdó igi (pollen) ló sábà ń fà á; àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní hay fever. Àwọn ará wa rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń wá. Rárá. Eruku àwọn igi kan ti ń fò láti ìparí ìgbà òtútù. Ti igi birch ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ti koríko á gbà á títí di oṣù Keje. Àwọn igi ńlá tí èèpo ara wọn ń bó, tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì káàkiri Lọ́ńdọ́nù, náà ń tú tiwọn dà nínú oṣù Kẹrin àti Karùn-ún.

Nítorí náà, aṣọ àgbà lè gbẹ níta. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí ọmọ àti aṣọ ibùsùn rẹ̀, ẹ má sá a síta lọ́jọ́ tí eruku igi bá pọ̀. Iye rẹ̀ máa ń wà nínú ìròyìn ojú ọjọ́. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kó bọ́ aṣọ, kó bọ́jú. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa etí ihò imú rẹ̀ kó tó jáde.

Síbẹ̀, mi ò ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé igi nìkan ni. Ògiri bíbu náà ń fa sísín àti ojú yíyún. Ẹ ṣàkíyèsí: bó bá ń le nígbà tó bá jí nínú yàrá yẹn, tó sì ń fúyẹ́ níta, ẹ fura sí ògiri. Bó bá ń le níta lọ́jọ́ tí òòrùn yọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ fura sí igi. Bí àyà rẹ̀ bá ń dún fíì fíì nígbà tó bá ń mí, tàbí tí ikọ́ ń jí i lóru, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn orí fóònù wa o, ẹ pe dókítà yín tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera. Bí mímí bá nira fún un, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni.

Àti kí wọ́n tó tún ilé yẹn ṣe, ẹ gbé ibùsùn àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀rọ̀ náà.

Akin_AbbeyWood

Ṣebí apòògùn ń fúnni lóògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí? Pharmacy First àbí kí ni wọ́n ń pè é.

Apòògùn_Tottenham

Rárá o. Pharmacy First, ètò tí apòògùn fi ń fúnni lóògùn láìjẹ́ pé a rí dókítà, bẹ̀rẹ̀ ní England ní oṣù Kìíní 2024 fún àìsàn 7: ọ̀nà ọ̀fun dídùn, etí dídùn, àìsàn ihò imú, kòkòrò tó buni jẹ tí ojú rẹ̀ ń kẹ̀, egbò ara tó ń ràn ọmọdé, èélá tí wọ́n ń pè ní shingles, àti àìsàn ìtọ̀ obìnrin tí kò le. Hay fever kò sí níbẹ̀. Rírà ni, dókítà pàápàá kì í sábà kọ ọ́ mọ́ torí ó ṣeé rà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ọ̀fẹ́ ni, ẹ wọlé.

Ẹ mú ọmọ náà dání tàbí kí ẹ sọ pé ọmọ ọdún 4 ni. Kì í ṣe gbogbo ìgò ló wà fún ọmọ ọdún 4, àwọn mìíràn sì ń kun ọmọ lóorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ oògùn àgbà sí méjì fún un. Fún ẹ̀yin àgbà, oògùn hay fever bíi cetirizine tàbí loratadine tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lára kò yàtọ̀ sí èyí tó gbówó lórí. Nọ́ńbà mílígíráàmù ni kí ẹ wò.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ òòrùn: ẹ má pa vitamin D tì pé òòrùn ti yọ. Ìmọ̀ràn ìjọba níbí ni pé kí gbogbo ènìyàn lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n àwa tí a dúdú, kí a rò ó láti lò ó yípo ọdún, torí òòrùn ibí kò tó wa.

MàmáDeptford

Ìyá Táyọ̀, ọmọ mi, o káàbọ̀ sí ìgbà ìrúwé. Mo ti dé ìlú yìí láti 1984, ilé tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígíláàsì ẹyọ kan ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ tìrẹ lórí owó, mo mọ bí ó ti ń dun ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà lè fi súwẹ́tà ra ara rẹ̀ padà, àyà ọmọ ọdún 4 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù ibí dà bí àlejò tó ti dágbére tó ṣì jókòó. Ẹ má tíì gbálẹ̀ tẹ̀ lé e.

Kóòtù ńlá, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà bí Akin ṣe wí. Ohun tí mo ń wọ̀ báyìí ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn, kí n lè bọ́ ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, torí àwọn awakọ̀ ṣì ń tan hítà. Fìlà ọmọ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì rẹ̀.

Kí ìjà hítà má sì gba àsìkò yìí mọ́ yín lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn oṣù Kẹta ju gbogbo oṣù lọ ní Lọ́ńdọ́nù. Àwọn tí kò kí ọ láti oṣù Kọkànlá á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bá ọ sọ̀rọ̀ ní ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Greenwich Park lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni, kò jìnnà sí yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré. Ara ọmọ tó ti wà nínú ilé láti oṣù Kejìlá ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju bí ó ti ń fẹ́ ooru lọ.

Ẹ má sì gbàgbé aago. Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, ọjọ́ 29 ní 2026, aago kan òru á di aago méjì. Fóònù á yí ara rẹ̀, aago ara ògiri àti aago bọ́ìlà lè má yí. Láti ọjọ́ yẹn títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa àti ti Nàìjíríà á bára mu. Kò sí pé mò ń ṣírò kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta.

Olú_Bọ́ìlà

Ẹ ṣé Màmá, ẹ̀yin lẹ rántí aago bọ́ìlà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pè mí ní ọ̀sẹ̀ yẹn pé hítà ń pẹ́ kó tó tàn láàárọ̀. Aago rẹ̀ ni wọn kò sún síwájú.

BàbáÌbejì_Woolwich

Màmá, mo gbọ́, ẹ̀yin ni ìyá wa. Olú, ilé tuntun ni tiwa lóòótọ́. Mi ò ní kí ọmọ máa gbọ̀n. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a wá ibi tí owó á ti wá. Bàbá Táyọ̀, ẹ wo ìwé council tax yín, owó orí ilé tí à ń san fún council: bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kìíní lẹ ń san án, ẹ kì í san nǹkan kan ní oṣù Kejì àti Kẹta. Owó oṣù méjì yẹn gan-an ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún gáàsì. Ẹ tún béèrè fún ẹ̀dínwó, ìdá mẹ́rin kan ni wọ́n ń yọ.

Kúnlé_Ọ̀rọ̀Ilé

Ìdá mẹ́rin yẹn wà fún ilé tí àgbà kan ṣoṣo bá ń gbé. Tọkọtaya ni wọ́n, wọn kò ní rí i gbà, àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àkókò kàwé, torí wọn kì í ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà ilé.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí, ẹ̀yin tí físà yín ní kí ẹ má gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ̀dínwó àgbà kan ṣoṣo àti ti akẹ́kọ̀ọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n fòfin dè, ẹ lè gbà á. Ṣùgbọ́n Council Tax Reduction, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, wà lára rẹ̀. Orúkọ wọn jọra, fọ́ọ̀mù wọn sì lè wà lójú ewé kan náà. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí sísan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bá nira fún lè kọ̀wé sí council pé kí wọ́n pín in sí 12.

ÌyáTáyọ̀_Plumstead

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá Táyọ̀ létí. A ti gbà pé hítà á máa tàn ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, ní 18. A ti sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ibùsùn àwọn ọmọ ti wà ní apá kejì. Ímeèlì onílé ti lọ pẹ̀lú fọ́tò. Ọ̀la ni mo ń mú ọmọ lọ sí kẹ́mísì.

Báwo ni kí n ṣe nu dúdú yẹn kúrò? Ẹnìkan níbi iṣẹ́ tún ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń fa omi inú atẹ́gùn. Ṣé ó wúlò, ṣé kò ní jẹ iná?

Kúnlé_Ọ̀rọ̀Ilé

Ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa kí o tó nù ún, torí ẹ̀rí ni. Kó àwọn ọmọ jáde, wọ ìbọ̀wọ́, ṣí fèrèsé. Fi omi po bílíìṣì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀, má da oògùn ìfọlé mìíràn mọ́ ọn, fi aṣọ tútù nù ún. Má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ńṣe ni á fò káàkiri yàrá. Má jẹ́ kí onílé kùn ún lọ́dà lásán, yóò padà hù jáde láti abẹ́ ọ̀dà.

Olú_Bọ́ìlà

Ẹ̀rọ náà wúlò, pàápàá lórí aṣọ tútù. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ní kọ̀ǹpírésọ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní desiccant ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, iná tó ń jẹ sì pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tan hítà padà, oníkọ̀ǹpírésọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ má ra àwọn kékeré tó dà bí ago tíì, omi tí wọ́n ń fà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fáànù ṣe ná, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní nílò rẹ̀.

Akin_AbbeyWood

Ìyá Táyọ̀, ẹ má tíì ná owó kankan. Oníkọ̀ǹpírésọ̀ kan wà nílé wa tí a kì í lò láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹwàá. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ìyàwó mi ń kọjá ní Plumstead ní ìrọ̀lẹ́ Friday, yóò gbé e wá fún yín. Ẹ lò ó títí onílé á fi tún fáànù ṣe.